Ajá tí wáyà ọdẹ gé lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà Ìdìgní: ẹ bá wa dá owó iṣẹ́ abẹ rẹ̀

Aránṣọ_Kétu (ọjọ́ Ajé, alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará oko, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ ajá kan ni mo gbé wá. Ẹ dákun, ẹ kà á tán kí ẹ tó kọjá.

Lọ́sàn-án àná, àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Kétu, nílẹ̀ Benin, tó lọ ṣẹ́gi lójú ọ̀nà Ìdìgní gbọ́ igbe nínú oko kan tí wọ́n ti pa tì. Abo ajá ni, pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ kan funfun. Wáyà tàkúté ló mú un lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn òsì. Ó ti já wáyà náà kúrò lára igi tí wọ́n so ó mọ́, àmọ́ èyí tó kù lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ inú ẹran títí ó fi kan egungun. Nígbà tí mo débẹ̀, láti ibi wáyà wá sísàlẹ̀ ti dúdú, ó ti tutù, ó ń rùn, ìdin sì ń yọ lójú egbò. Kò gbó mọ́ wa rárá. Ó kàn gbé àgbọ̀n lé bàtà ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ó ń wò wá lójú.

Mo fi àjákù aṣọ dì í lẹ́nu díẹ̀ kí ìrora má baà mú kó bu ẹnikẹ́ni jẹ, a gbé e sórí pákó, a gbé e sínú ọkọ̀ aládùúgbò wa kan. A gba Pobẹ̀, a gba Sakẹ́tẹ́, ilẹ̀ ti ṣú kí a tó wọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran kan níbẹ̀ ló wà báyìí. Dókítà ní ẹsẹ̀ náà ti kú, pé bí wọn ò bá tètè gé e, oró inú ẹran tó kú yẹn á wọ ẹ̀jẹ̀, á sì pa á.

Iye tó kọ fún wa nìyí. Àyẹ̀wò, 5,000 sẹ́fà. Omi tí wọ́n ń fà sí i lára àti oògùn apakòkòrò, 18,000. Iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ oorun, 70,000. Ìtọ́jú ọjọ́ márùn-ún lọ́dọ̀ wọn, 12,500. Oògùn àti báńdéèjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, 14,500. Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, 5,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 125,000. Èmi àtàwọn aládùúgbò ti san 35,000 níbẹ̀. Owó ọkọ̀, a ò kà á mọ́ ọn, àwa náà la gbé e. Ó wá ku 90,000.

Àwọn ọmọ ti sọ ọ́ ní Dúrójayé. Ẹ bá wa dá sí i, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Olùkọ́_Ìṣirò (Ajé, alẹ́)

Ẹ kú làálàá, Àǹtí. Mo fẹ́ fi tèmi sí i, ṣùgbọ́n ẹ má bínú, mo ní ìbéèrè kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀. A ti rí i rí níbi púpọ̀ pé wọ́n á fi àwòrán ajá kan náà bẹ owó lábẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo fẹ́ rí ìwé tí dókítà kọ, pẹ̀lú òǹtẹ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà ta ni owó ń wọ̀? Bí owó bá ju ohun tí ẹ nílò lọ, kí ni ẹ máa fi ṣe? Bí ajá bá kú kí ilẹ̀ tó mọ́ ńkọ́?

Mi ò sọ pé ẹ ń parọ́. Èmi mọ ìsọ̀ yín, mo ti gbé aṣọ wá rán níbẹ̀ rí. Àmọ́ ẹni tó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Faransé kò mọ ìsọ̀ yín, nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe ń béèrè.

Aránṣọ_Kétu (Ajé, alẹ́)

Olùkọ́, ẹ ṣeun. Kò sí ìbínú níbẹ̀, ó yẹ kí n ti sọ ọ́ fúnra mi.

Mo ti fi àwòrán ìwé náà sókè, òǹtẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ìwé. Nọ́ńbà MoMo (owó orí fóònù) ilé ìwòsàn ẹran náà gan-an ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo MTN, bí ẹ bá ti tẹ iye owó tán, orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì á jáde kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín. Kí orúkọ yẹn bá ti inú òǹtẹ̀ mu. Bí kò bá bá a mu, ẹ má fi ránṣẹ́, ẹ pè mí. Bí ẹ bá ti fi ránṣẹ́, ẹ wá kọ iye rẹ̀ síbí.

Olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ni kí ẹ máa kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀. Dókítà ti gbà láti máa fi rìsíìtì gbogbo ohun tó wọlé ránṣẹ́ sí yín. Bí owó bá ṣẹ́ kù tàbí bí Dúrójayé bá kú, a ò ní ná ohun tó kù láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó fi sílẹ̀.

Ìyá_Ìbejì (Ìṣẹ́gun, àárọ̀)

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, àánú ajá náà sì ṣe mí. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó wà nínú mi.

Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Benin fi lélẹ̀ láti ọdún 2023 jẹ́ 52,000 sẹ́fà. Owó ẹsẹ̀ ajá yìí ju owó oṣù méjì ẹni bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọgbà tí mò ń gbé ní Àjàṣẹ́, ọmọkùnrin kan wà tí omi gbígbóná dà sí láyà. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ, ó ń yá owó lọ́wọ́ wa lọ́ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ra oògùn tí wọ́n fi ń wẹ ojú egbò. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé síbí. Kò ní fóònù tó ń ya àwòrán.

Ẹ má sọ pé mi ò fẹ́ràn ẹran. Mo sin ewúrẹ́, mo sin ajá nígbà tí mo wà lọ́mọge. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwòrán ajá tètè máa ń mú owó jáde lápò àwọn èèyàn, ọmọ èèyàn sì wà nítòsí tí kò sí ẹni tó ya tirẹ̀ ní fọ́tò.

Bàbá_Ọdẹ (Ìṣẹ́gun, àárọ̀)

Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ tèmi ni.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ rẹ kì í ṣe èyí tí a lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ yẹn, mú orúkọ ilé ìwòsàn rẹ̀ wá, bí ti ajá yìí ṣe rí gẹ́lẹ́, èmi á fi tèmi sí i. Àánú tí a ṣe ajá ò ní kí ti ọmọ tán lápò wa.

Ní ti ajá, mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń dẹ tàkúté. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, okùn la fi ń dẹ ẹ́. Okùn a máa jẹrà. Òjò kan, òjò méjì, bí o bá gbàgbé ẹ̀ sínú igbó, ó ti já fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ ń lò báyìí ni wáyà bíréèkì alùpùpù. Wáyà yẹn kì í jẹrà, kì í já, ẹranko kì í sì í rí i láàárín koríko. Ẹni tó dẹ ẹ́ á ti gbàgbé, á ti lọ ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, tàkúté rẹ̀ á ṣì máa mú ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní wá gbé. Ewúrẹ́ olóko, ajá ẹlẹ́ran, ọmọ tó ń ṣẹ́gi pàápàá. Bàbá mi kọ́ mi pé ìdájí ni ọdẹ ń lọ wo tàkúté rẹ̀, bí ara rẹ̀ ò bá sì yá, á rán ẹlòmíì lọ. Ẹni tí kò bá lè lọ wò ó, kó má dẹ ẹ́.

Ajá tí ẹ gbé yìí, bó bá jẹ́ ajá ọdẹ ni, olówó rẹ̀ á ti máa wá a. Mo ti rán sí àwọn ọdẹ Òdòmẹ̀tà àti Òpómẹ̀tà, kò sẹ́ni tó ní ajá òun sọnù. Nílé tiwa, a kì í pín ẹran kí ajá tó gba ìpín tirẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún un.

Mo ti fi 5,000 ránṣẹ́.

Dókítà_Ẹran_Ṣábẹ̀ẹ́ (Ìṣẹ́gun, ọ̀sán)

Ẹ kú ìrọ́jú o. Iṣẹ́ dókítà ẹran ni mò ń ṣe ní agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́, mo sì ti rí irú ẹsẹ̀ báyìí lára ajá àti lára ewúrẹ́. Mo wo ìwé tí ẹlẹgbẹ́ mi kọ ní Àjàṣẹ́. Iye tó kọ kò pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wáyà ṣe ń pa ẹsẹ̀, kó lè yé yín ìdí tí kò fi sí oògùn tó lè jí i mọ́. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn rọ̀, àwọn kan nínú wọn sì wà lábẹ́ awọ gan-an. Àwọn ni wáyà kọ́kọ́ máa ń dí. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń wọlé láti òkè, kò rọ́nà padà, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bó ṣe ń wú ni wáyà ń fún un sí i, bí ajá sì ṣe ń fà á ni ó ń wọlé sí i, títí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé náà á fi dí. Láti ìgbà yẹn ni ẹran ti ń kú. Eṣinṣin á yé ẹyin sí i, láàárín ọjọ́ kan ìdin ti jáde.

Wọ́n á gé e lókè, níbi itan. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, ẹ má sì ní kí wọ́n dá díẹ̀ sí. Bí wọ́n bá fi kùkùté sílẹ̀, ajá á máa fi í gún ilẹ̀, awọ orí rẹ̀ á máa bó, egbò ò ní jinná láéláé.

Ẹ̀yin tó kù, bí ẹ bá rí irú ẹ̀ lọ́la, ẹ má da epo bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì sójú egbò nítorí ìdin. Mo mọ̀ pé àwọn baba wa ń ṣe é. Ó ń jó ẹran tó ṣì wà láàyè, ó sì ń wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ se omi, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi ṣíbí tíì kan iyọ̀ sínú ìdajì lítà, ẹ dà á sójú egbò díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fa wáyà tó ti wọnú ẹran yọ fúnra yín. Ẹ má sì fún ajá ní oògùn ara ríro tèèyàn. Ibuprofen àti diclofenac ń dá egbò sí ajá níkùn, wọ́n sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Mo ti rí ajá tí ẹsẹ̀ dídá ì bá má pa, tí oògùn tí wọ́n fún un nílé pa.

Ohun tó kù kò dùn ún sọ. Àǹtí Aránṣọ, ẹ bá dókítà yín jókòó lónìí, kí ẹ fẹnu kò síbi tí ẹ máa dúró. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́, tàbí pé oró ti gba gbogbo ara, kí ẹ gbà kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tí á fi sùn lọ láìjẹ̀rora. Kí àwọn tó ń dáwó náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Owó kì í ra gbogbo nǹkan, kò sì yẹ kí ẹran kan máa jìyà nítorí pé a ti dáwó lé e lórí.

Ìbéèrè kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí ẹ dá mi lóhùn kíákíá: ǹjẹ́ ajá náà bu ẹnikẹ́ni jẹ, àbí eyín rẹ̀ ha ẹnikẹ́ni lára?

Aránṣọ_Kétu (Ìṣẹ́gun, ọ̀sán)

Dókítà, ẹ ṣeun gan-an ni. A ti bá dókítà Àjàṣẹ́ sọ ọ́, a sì ti fẹnu kò bí ẹ ṣe wí. Bí kíndìnrín bá ti lọ, a ò ní jẹ́ kó jìyà.

Ní ti ìbéèrè yín: eyín rẹ̀ ha ọ̀kan nínú àwọn ọmọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e. Kò jinlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ju bíńtín lọ. Ìyá rẹ̀ fi omi ṣan án.

Dókítà_Ẹran_Ṣábẹ̀ẹ́ (Ìṣẹ́gun, ọ̀sán)

Ẹ dìde báyìí, ẹ má dúró di ọ̀la. Kí ìyá ọmọ náà fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, kó má fi nǹkan kan dì í, kó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Kí wọ́n má wò ó pé ó kéré. Itọ́ ajá ni àrùn náà ń bá wọlé, ó sì lè wọlé láti ojú ibi tí eyín ha.

Bí àrùn dìgbòlugi bá ti fara hàn lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń yọrí sí. Bí wọ́n bá sì fọ ojú ibẹ̀ dáadáa, tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ náà lásìkò, á dá a dúró. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń kó o lágbàáyé, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló ń kó o lára ajá. A ò mọ ibi tí Dúrójayé ti wá, a ò mọ ohun tó bá a jà nínú igbó. Kí dókítà Àjàṣẹ́ ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá láti ọjọ́ tí eyín rẹ̀ ha ọmọ náà. Bí ara rẹ̀ bá dá ṣáká lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, àrùn yẹn kò sí nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kí ọmọ má dúró de ọjọ́ mẹ́wàá kó tó gba abẹ́rẹ́.

Aránṣọ_Kétu (Ìṣẹ́gun, ìrọ̀lẹ́)

A ti gbé ọmọ náà lọ. Ó ti gba àkọ́kọ́, wọ́n sì kọ ọjọ́ tó máa padà wá sí i níwèé. Èmi náà fọ ọwọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ha mí. Dókítà, Ọlọ́run á san án fún yín.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àgbẹ̀ (Ìṣẹ́gun, ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àgbà. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Kétu ni mo wà. Àwa tí a jọ ń gbé ti kó 8,500 jọ, ó ti wọlé. Ọ̀rẹ́ mi kan ń béèrè pé ṣé ajá tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta lè gbádùn ayé rẹ̀, àbí ìyà la fẹ́ fi kún ìyà?

Dókítà_Ẹran_Ṣábẹ̀ẹ́ (Ìṣẹ́gun, alẹ́)

Á gbádùn rẹ̀. Nínú ìwọ̀n ara ajá, nǹkan bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ń gbé, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń gbé ogójì tó kù. Èyí tó sọnù yìí jẹ́ ti ẹ̀yìn, ó rọrùn fún ajá láti fara mọ́ ọn ju ti iwájú lọ. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbìyànjú láti dìde ní ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ. Kí wọ́n má jẹ́ kó sanra ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ló máa ṣiṣẹ́ méjì.

Ọmọ_Kétu_ní_Líyọ̀n (Ìṣẹ́gun, alẹ́)

Ẹ kú ilé o. Mo kọ́kọ́ rò pé kí n ṣí ojú ewé ìdáwó lórí GoFundMe, àmọ́ wọn ò fi Benin sára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń san owó fún, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tèmi ni mo fi gbà á níbí, ọjọ́ á ti lọ kó tó dé ọwọ́ mi. Ajá ò lè dúró. Mo ti fi 40 yúrò ránṣẹ́ tààrà. Yúrò kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà, iye yẹn kì í yí padà, nítorí náà 26,238 ló máa wọlé. Owó ìfiránṣẹ́, èmi ni mo san án lọ́tọ̀.

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ti ọmọ yẹn náà. Inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo kà á.

Ará_Ìmẹ̀kọ (Ìṣẹ́gun, alẹ́)

Èmi wà ní ọ̀hún, ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ilé Alákétu náà ni ìlú wa ti ṣẹ̀. Lọ́dún 1889 ni òyìnbó Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé ààlà, tí wọ́n fi wá sí apá kan, tí Kétu sì bọ́ sí apá kejì. Ọ̀rọ̀ Kétu ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé fún wa.

Náírà ló wà lọ́wọ́ mi, mi ò ní MoMo Benin. Àbúrò mi kan tó ń ná ọjà Ìlárá á ṣẹ́ ẹ sí sẹ́fà lọ́wọ́ àwọn olówó ṣíṣẹ́, á sọdá lọ́la, á sì fi ránṣẹ́ láti Kétu. 10,000 sẹ́fà ni. Olùkọ́, ẹ má tíì kọ ọ́ sílẹ̀ títí rìsíìtì á fi dé.

Ọmọ_Àjàṣẹ́ (Ọjọ́rú, àárọ̀)

Mo wà níbi tí ajá náà wà báyìí. Mo san 10,000 lọ́wọ́, rìsíìtì rẹ̀ rèé.

Ọ̀rọ̀ ti yí díẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Dúrójayé wò kí wọ́n tó gbé e sórí tábìlì. Kíndìnrín rẹ̀ dára, ẹ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ jẹ́ 14 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì yẹ kó lé ní 35. Eégbọn kún inú etí rẹ̀ fọ́fọ́, dókítà ní àrùn tí eégbọn ń gbé kiri ti wà lára rẹ̀ kí wáyà tó mú un, ẹ̀jẹ̀ tó dà nù wá fi kún un. Bí wọ́n bá là á báyìí, kò ní jí. Ó nílò ẹ̀jẹ̀ ajá míì, àpò ẹ̀jẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 12,000 lórí ti tẹ́lẹ̀.

Ajá mi wà nílé, akọ, ọdún mẹ́rin, kílò 32, gbogbo àjẹsára rẹ̀ ló pé. Ṣé ó lè fún un?

Dókítà_Ẹran_Ṣábẹ̀ẹ́ (Ọjọ́rú, àárọ̀)

Gbé e wá lọ́gán, arákùnrin. Ajá tó bá ju kílò 25 lọ, tí ara rẹ̀ dá, tí kò tíì darúgbó, lè fún ẹlòmíì lẹ́jẹ̀. Ajá tí kò gba ẹ̀jẹ̀ rí sábà máa ń gba ti àkọ́kọ́ láìsí wàhálà, kò rí bíi ti èèyàn. Dúrójayé jẹ́ kílò 15 gẹ́gẹ́ bí ìwé wọn. Mílílítà méjì ẹ̀jẹ̀ fún kílò kan ń gbé ìwọ̀n yẹn sókè ní nǹkan bí ẹyọ kan. Bí wọ́n bá gba mílílítà 300 lára tìrẹ, ti Dúrójayé á sún mọ́ 24. Ìyẹn tó láti fi ṣe iṣẹ́ abẹ. Tìrẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára púpọ̀, fún un lómi àti oúnjẹ tó dára, má jẹ́ kó sáré lónìí.

Ọmọ_Àjàṣẹ́ (Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́)

Ó ti gbà á. Wọ́n fá irun ọrùn ajá mi níbì kan, ó dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, mo di orí rẹ̀ mú, mo ń bá a sọ̀rọ̀ títí àpò fi kún. Inú ẹnu Dúrójayé tó funfun láàárọ̀ ti ń pọ́n díẹ̀. Mo fi ìka tẹ èrìgì rẹ̀ bí dókítà ṣe kọ́ mi, ó funfun, mo yọ ìka, ó sì padà pọ́n kíákíá. Iṣẹ́ abẹ di àárọ̀ ọ̀la. Wọn ò ní fún un lóúnjẹ lálẹ́ òní.

Ìyá_Ìbejì (Ọjọ́rú, alẹ́)

Mo ti bá ìyá ọmọ náà sọ̀rọ̀, ó gbà. Èmi àti rẹ̀ ń lọ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ lọ́la. Mi ò tíì yí ọ̀rọ̀ mi padà lórí iye tí a ń ná lórí ajá. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń ṣe ti owó yìí, kó máa wọ ọwọ́ dókítà tààrà, kí rìsíìtì máa jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí tiwa rí. Olùkọ́, ṣé ẹ máa bá wa kọ ọ́ sílẹ̀?

Olùkọ́_Ìṣirò (Ọjọ́rú, alẹ́)

Màá kọ ọ́. Ẹ ṣí i ní ojú ewé tirẹ̀, kí owó méjèèjì má baà dàpọ̀.

Aránṣọ_Kétu (Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán)

Wọ́n ti ṣe é tán! Ó ti jí! Iṣẹ́ abẹ náà gùn ju bí mo ṣe rò lọ, mo jókòó síta, ọwọ́ mi ò lè dúró sójú kan. Dókítà fi wáyà náà hàn mí nínú àwo: kò gùn ju ìka mi lọ, ìsopọ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó sì ti dógùn-ún. Ó tú un fún mi, òwú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó pọ̀ ni wọ́n lọ́ pọ̀. Ọ̀rọ̀ Bàbá Ọdẹ ni, wáyà bíréèkì ni.

Wọ́n fún un ní oògùn ara ríro tó jẹ́ ti ajá. Oògùn eégbọn á gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ojoojúmọ́ ni, mi ò ní fo ọjọ́ kankan. Lẹ́yìn náà ilé mi ló ń bọ̀. Ọkọ mi ti ń kan ilẹ̀kùn kékeré sẹ́yìn ìsọ̀.

Olùkọ́_Ìṣirò (ọjọ́ Ajé, alẹ́)

Àkọsílẹ̀ rèé. Ohun tí a nílò: 90,000, pẹ̀lú 12,000 ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 102,000. Ohun tó wọlé: Ọmọ Kétu ní Líyọ̀n 26,238; Ará Ìmẹ̀kọ 10,000, rìsíìtì ti dé; Ọmọ Àjàṣẹ́ 10,000; èmi 10,000; àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 8,500; Bàbá Ọdẹ 5,000; àwọn tí kò fẹ́ kí a dárúkọ àwọn, 52,500. Àpapọ̀ jẹ́ 122,238. Ó ṣẹ́ ku 20,238, ọwọ́ dókítà ló wà. Ẹ má fi owó ránṣẹ́ mọ́.

Ní ti èyí tó ṣẹ́ kù, a ti ṣèlérí pé a ò ní ná an láìbéèrè. Àwọn kan ti kọ̀wé sí mi pé kí tiwọn lọ sí ti ọmọ tí omi gbígbóná jó. Àwọn mìíràn ní kí a fi gún ajá àdúgbò ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, èmi wà lára ìwọ̀nyí, nítorí ọmọ tí eyín ha lọ́wọ́ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Kí oníkálukú sọ tirẹ̀ kí alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó lẹ́. A ó pín in bí ẹ bá ṣe wí. Ẹni tó bá fẹ́ gba tirẹ̀ padà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, dókítà á dá a padà.

Ọmọ_Kétu_ní_Líyọ̀n (Ajé, alẹ́)

Ìpín tèmi, ọmọ yẹn ni. Mo sì ti fi òmíràn sí ojú ewé tirẹ̀.

Bàbá_Ọdẹ (Ìṣẹ́gun, àárọ̀)

Tèmi náà, ọmọ yẹn ni. Abẹ́rẹ́ ajá mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi á san án fúnra mi. Ẹ kàn sọ ọjọ́ tí dókítà ń bọ̀ ní Kétu fún wa.

Mo ti bá àwọn ọdẹ sọ̀rọ̀. Bí wáyà kan bá wà nínú oko yẹn, òmíràn wà níbẹ̀. Ìdájí ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ la fẹ́ lọ yọ wọ́n, láti ibi tí àwọn ọmọ ti rí ajá náà lọ sí etí odò. Kí àwọn ọmọ tó rí i bá wa lọ fi ibẹ̀ hàn wá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wa ni kí wọ́n máa rìn. Ẹni tó bá ní pílíáàsì tó lè gé wáyà, kó mú un dání, kó sì wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Iwájú Akaba Idénà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, la ti máa pàdé, ní aago mẹ́fà.